Igi Arère Tí Mo Gbé Sórí Àwọn Akọrin

Títí di òní, bí mo bá wọ ilé tuntun, òkè ni ojú mi kọ́kọ́ ń lọ. Àwọn yòókù á máa yin ọ̀dà àti fèrèsé, èmi á máa wá ibi tí mo lè gbà yọjú wo igi tó gbé páànù dúró. Ìyàwó mi máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé iṣẹ́ káfíńtà ló yẹ kí n ti kọ́. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. N kò fẹ́ràn iṣẹ́ káfíńtà rárá. Ìtìjú kan ló wà lára mi tí kì í jẹ́ kí n jókòó lábẹ́ òrùlé bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń jókòó.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ nígbà náà. Àkúrẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Oǹdó. Bí wọ́n ti pín wa, wọ́n di àwa àti fáìlì wa pọ̀, wọ́n kó wa lọ sí Adó. Ilé kò kárí èrò tó ya wọ Adó lọ́dún náà, ni mo bá padà sí Ìkẹ̀rẹ́, ìlú mi, tí mo ń lọ tí mo ń bọ̀ lójoojúmọ́. Inú ìyá mi dùn. Opó ni wọ́n, èmi nìkan sì ni ọmọ tó kù fún wọn. Inú ìjọ wa náà dùn, nítorí wọ́n ti ń wá ẹni tó mọ̀wé tí yóò ṣe akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkọ́lé. Kí n tó já ẹrù mi tán, wọ́n ti fi mí joyè. Kò sì pẹ́ tí gbogbo ìjọ fi gbàgbé orúkọ mi, tí wọ́n ń pè mí ní Akọ̀wé, tí ìyá mi sì di Màmá Akọ̀wé.

Ògiri ilé ìjọsìn tuntun ti dúró. Òrùlé ló kù. Ní ilẹ̀ wa, ìjọ kì í déédéé lọ ra igi òrùlé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ni yóò fi igi kan sílẹ̀ láti inú oko wọn, àwọn agégi á gé e, ọkọ̀ á kó o lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó lọ́nà Emùré. Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n á ka ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú wá sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ. Ẹni tó mú ìrókò wá, àtẹ́wọ́ rẹ̀ á yàtọ̀. Ẹ má rò pé ẹnikẹ́ni gbàgbé láti fetí sí bí àtẹ́wọ́ tirẹ̀ ṣe dún tó.

Bàbá Káfíńtà ni wọ́n gbé iṣẹ́ òrùlé náà fún. Ọmọ Àgbàdo Èkìtì ni wọ́n, ṣùgbọ́n ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ń kan ilé ní Ìkẹ̀rẹ́. Wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n sì máa ń bínú bí èèyàn bá kánjú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ní kí a gé igi, nítorí oje kún inú igi lásìkò òjò, kòkòrò a sì máa wá oje náà bọ̀. Bí wọ́n bá là á tán, wọ́n ní kí a tò ó pẹ̀lú àlàfo láàárín kí afẹ́fẹ́ lè gbẹ ẹ́ fún oṣù méjì. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé ìpàdé pẹ̀lú lẹ́tà rírẹwà. Ìwé ni mo mọ̀, èmi ò mọ igi.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan, èmi pẹ̀lú wọn lọ wo àwọn gẹdú tó ti dé. Èédú kan wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á fi ẹ̀yìn àáké lu igi, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún, wọ́n á gbóòórùn ibi tí wọ́n ti gé e, wọ́n á wá ki èékánná àtàǹpàkò mọ́ ọn. Ìrókò àti igi apá kò tilẹ̀ mọ̀ pé èékánná kan àwọn. Èyí tí yóò lọ sórí òrùlé, wọ́n á fi èédú fa ìlà kan sí i. Èyí tí wọn yóò fi ṣe àga tàbí àjà, wọ́n á kọ òdo sí i. Ìlà àti òdo yìí ni àwọn tó ń la pákó yóò wò láti mọ bí wọn yóò ṣe là á.

A dé ìdí igi ìyá mi. Arère ni. Òun nìkan ṣoṣo ni igi ńlá tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún wọn, lẹ́bàá oko wa lọ́nà Ìṣẹ̀, ó ga, ó tọ́ gbọnrangandan. Àìmọye ìgbà ni àwọn onípákó ti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tà á, ìyá mi fi àáké kọ́rí. Lọ́jọ́ tí àwọn agégi fẹ́ gé e fún ìjọ, aṣọ tí ìyá mi ń wọ̀ lọ sí ìsìn ni wọ́n wọ̀ lọ sóko, pẹ̀lú gèlè. Bàbá Káfíńtà ki èékánná mọ́ igi náà, èékánná wọlé.

Wọ́n kọ òdo sí i.

"Bàbá," mo ní, "ìyá mi ló ni ín."

"Mo mọ̀. Ugi dáadáa ni. Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Yèyé. Àga ibi tí àwọn àgbà ń jókòó sí ni mo máa fi ṣe."

"Ṣé kò lè lọ sókè ni?"

"Arère fúyẹ́, kòkòrò sì fẹ́ràn rẹ̀ ju bí èmi àti ìwọ ṣe fẹ́ràn uyán lọ. Kò lè ru páànù. Akọ̀wé, jẹ́ á lọ wo èyí tó kù."

Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n ka orúkọ. Igi òrùlé ni wọ́n kọ́kọ́ kà, àtẹ́wọ́ ń ró. Wọ́n wá ka igi àga, ìdílé mẹ́rin péré, ìyá mi wà níbẹ̀. Bí a ti jáde, obìnrin kan tí ilé ọkọ rẹ̀ mú ìrókò méjì wá pariwo láti òdìkejì àgbàlá pé, "Ẹ ṣeun o, Màmá Akọ̀wé! Ìdí wa á máa rántí yín lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀!" Gbogbo obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ìyá mi ló rẹ́rìn-ín jù, wọ́n tilẹ̀ di ẹni náà mú léjìká kí wọ́n má bàa ṣubú. Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín. Mo rí i bí ẹni pé wọ́n fi ìyá mi ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí pé ọkọ wọn kú láìní oko ìrókò. Nílé, mo fẹ́ bá wọn kẹ́dùn. Wọ́n ní, "Kí ló ń ṣe ọ́? Ṣé àga kò sí nínú ulé Ọlọ́run ni?" Wọ́n sì ń gún iyán lọ.

Ọ̀rọ̀ náà ìbá parí síbẹ̀. Ìtìjú náà kì í ṣe ti ìyá mi. Tèmi ni, èmi akọ̀wé tí ó yẹ kí àtẹ́wọ́ rẹ̀ dún ju ti gbogbo ènìyàn lọ.

Ní ọjọ́ Ajé, mo yà síbi tí wọ́n ti ń la pákó kí n tó lọ sí ibi iṣẹ́. Mo sọ fún wọn pé mo wá ka iye gẹdú. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ arère ìyá mi, mo tutọ́ sí áńkáṣífù mi, mo nu òdo náà kúrò. Mo wá mú èédú láti inú àpò mi, mo fa ìlà kan. Kò gbà mí ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Áńkáṣífù náà dúdú, mo jù ú sínú igbó lójú ọ̀nà.

Wọ́n la igi náà sí tú-bàì-fọ́ọ̀ pẹ̀lú ti òrùlé yòókù. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n fi ọ́ìlì dúdú kùn nítorí ikán, bí a ti máa ń ṣe, igi funfun àti igi pupa di ọ̀kan náà. Mo sọ fún ìyá mi pé Bàbá Káfíńtà ti yí ọkàn padà, pé orí ibi tí àwọn akọrin ń jókòó sí ni igi wọn yóò wà.

Wọ́n fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sílẹ̀. "Ṣé wọ́n ní ó lè gbé e?"

"Wọ́n ní ó lè gbé e."

"Bàbá Káfíńtà fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Àwọn fúnra wọn ni, Màmá."

Ayọ̀ wọn lọ́jọ́ náà wà lójú mi di òní. Wọ́n kọrin títí wọ́n fi gbé oúnjẹ mi wá.

Ó ku bí n ó ti ṣe é tí Bàbá Káfíńtà kò fi ní mọ̀ nígbà tí wọ́n bá gbé igi náà lọ́wọ́, nítorí arère fúyẹ́. Kò gba ọgbọ́n kankan. Ibà dá wọn dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tí ó ku apá ibi àwọn akọrin. Èmi ni mo lọ bá àwọn ọmọṣẹ́ wọn pé ìkórè ti sún mọ́lé, pé kí wọ́n máa kàn án lọ. Èmi náà ni mo tọ́ka sí igi tí wọn yóò lò. Nígbà tí Bàbá Káfíńtà dìde ní àìsàn, páànù ti bo ibẹ̀. Wọ́n gbójú sókè.

"Akọ̀wé, ugi wo ló wà lókè yìí?"

"Afàrà ni. A rà á kún un."

Wọ́n wò mí. Èmi náà wò wọ́n, n kò ṣẹ́jú. "Bó bá jẹ́ afàrà, kò burú," ni wọ́n wí, wọ́n sì gbé òòlù wọn. Wọn kò gun òkè lọ wò ó. Ènìyàn tí kì í purọ́ ni wọ́n, akọ̀wé ìjọ ló sì ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Kò pé ọdún méjì tí ìyẹ̀fun funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí dà sórí àga àwọn akọrin. Wọ́n rò pé ẹfun ògiri ni, wọ́n ń gbọ̀n ọ́n dànù lára aṣọ wọn. Mo mọ ohun tó jẹ́: kòkòrò ti wọ inú arère. Láti ìgbà náà ni mo ti ń tètè dé ilé ìjọsìn, kí ẹnikẹ́ni tó dé, tí mo ń fi àkísà nu àwọn àga náà. Àlùfáà ìjọ ká mi mọ́ ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó sì fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù: akọ̀wé ńlá tó ń nu àga fún àwọn akọrin. Mo tẹ orí mi ba. Wọ́n rò pé ìrẹ̀lẹ̀ ni.

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà náà. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹnikẹ́ni kò tíì fara pa, igi náà kò tíì ṣẹ́, a lè tú apá ibẹ̀ ká tún un kàn. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni mo ń sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kẹta dé, ìjì kan rọ́ wá láti ẹ̀yìn òkúta ńlá ìlú wa, ó gba abẹ́ páànù wọlé. Ọjọ́bọ̀ ni, ní ọ̀sán. Gbogbo òrùlé ni ìjì náà fẹ́ lù, ibi àwọn akọrin nìkan ló wó. Igi, páànù àti ìṣó dà sórí àga tí mo máa ń nù. Aago márùn-ún Ọjọ́bọ̀ ni àwọn akọrin máa ń pàdé. Aago mẹ́ta kọjá díẹ̀ ni ó wó.

Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ìpàdé pé. Àwọn àgbà ìjọ jókòó, àwọn ìyá ìjọ jókòó, ìyá mi wà láàárín wọn. Bàbá Káfíńtà dúró níwájú. Alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé béèrè lọ́wọ́ wọn irú iṣẹ́ tí wọ́n ṣe tí kò lo ọdún mẹ́ta. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n mú igi kan nínú èyí tó ṣẹ́. Wọ́n ki èékánná mọ́ ọn. Ìyẹ̀fun dà sílẹ̀ lábẹ́ ọ́ìlì dúdú náà. Wọ́n gbé e sún mọ́ imú. Wọ́n wá gbójú sókè, wọ́n wò mí, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n yíjú sí apá ibi tí àwọn ìyá jókòó sí. Wọ́n fi igi náà sílẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́.

"Èmi ni mo kàn án," ni wọ́n wí. "Ẹ má bi ẹlòmíràn."

Mo ní ìwé ìpàdé níwájú, mo ní bírò lọ́wọ́. Mo kọ ọ́ pé: Káfíńtà gbà pé òun jẹ̀bi. Ìlà náà ṣì wà nínú ìwé náà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, mo dìde láàárín ìjọ, mo sọ òtítọ́, mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sí abẹ́ ìlà náà. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù nígbà náà, ìwé lásán ni èyí jẹ́. Ohun tó yẹ kí n sọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, n kò sọ ọ́.

Ìkẹ̀rẹ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí irú ìròyìn yìí lè fara pamọ́. Àsìkò tí àwọn ọmọ ìlú ń ti Èkó àti Ìbàdàn bọ̀ wá kọ́lé ni, iṣẹ́ káfíńtà pọ̀ bí omi òjò, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbé òrùlé fún ẹni tí òrùlé ilé Ọlọ́run wó mọ́ lọ́wọ́? Ẹnì kan tí ó ti Èkó dé pè mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti bá Bàbá Káfíńtà ṣe àdéhùn lórí ilé rẹ̀, ó wá ń bẹ̀rù. "Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ mọ̀ wọ́n. Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n kàn án?" Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ì bá gba Bàbá Káfíńtà sílẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣe sùúrù ná." Ó ṣe sùúrù, ó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wọn, àwọn ẹlòmíràn náà ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Bàbá Káfíńtà ti kó ayùn àti ìfági wọn, wọ́n padà sí Àgbàdo lọ dáko. Mo gbọ́ pé ẹ̀rúkọ́ àti odó ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, ọwọ́ tó ti kan ilé tó lé ní igba.

Àlàyé tí mo ń ṣe fún ara mi rọrùn. Mo ní bí mo bá sọ̀rọ̀, ojú á ti ìyá mi, obìnrin àgbà, láàárín ẹgbẹ́ wọn. Nítorí tiwọn ni mo ṣe dákẹ́. Mo gba ara mi gbọ́ fún ọdún méje gbáko, títí ìyá mi fi sùn. Àìsàn kò pẹ́ lára wọn. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, wọ́n máa ń di ọwọ́ mi mú, wọ́n á wo ojú mi, wọ́n á ní, "Ṣé kò sí ohun tó o fẹ́ bá mi sọ?" Mo rò pé wọ́n ń ronú ìsìnkú ni. Mo ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé a ó ṣe gbogbo ohun tó yẹ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, kò sí ẹni tí mo tún lè fi ṣe àwáwí mọ́. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Àgbàdo lọ́jọ́ Àbámẹ́ta kan láàárọ̀. Mo bá Bàbá Káfíńtà níwájú ilé wọn, wọ́n ti darúgbó, wọ́n ń gbẹ́ odó. Mo dọ̀bálẹ̀ sórí èérún igi. N kò dìde. Mo sọ gbogbo rẹ̀, òdo tí mo nù, ìlà tí mo fà, afàrà tí mo fi purọ́, ọkùnrin Èkó. Mo ní nítorí ìyá mi ni.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Dìde, Akọ̀wé. Mo mọ̀ láti ọjọ́ ìpàdé. Arère kan ṣoṣo ni gbogbo ìjọ mú wá. Yèyé rẹ jókòó níwájú mi. Bí mo bá dárúkọ ugi náà, orí wọn ni gbogbo ojú máa kọ́kọ́ lọ."

"Wọn kò mọ ohun tí mo ṣe, Bàbá. Títí tí wọ́n fi lọ, wọn kò mọ̀."

Wọ́n fi ọ̀bẹ ìgbẹ́gi sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni pé wọ́n ń ṣàánú mi, ó sì dà bíi pé kò wù wọ́n láti sọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

"Ọjọ́ kejì ìpàdé ni wọ́n wá bá mi. Wọ́n ti lọ síbi tí wọ́n kó ugi tó ṣẹ́ jọ sí, wọ́n wò ó. Wọ́n rí i pé arère àwọn ló ṣẹ́, wọ́n wá bi mí bóyá èmi ni mo ní ó lè gbé e; n kò lè purọ́ fún wọn. Wọ́n kúnlẹ̀ fún mi, èmi tí mo jẹ́ àbúrò fún wọn. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dìde, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní ọmọ àwọn ló fi ugi náà síbẹ̀, àwọn sì máa tọrọ àforíjì títí òun fúnra rẹ̀ á fi wá."

Mo tún dojú bolẹ̀ sórí èérún igi náà.

"Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká sọ ọ́ fún ìjọ. Wọ́n ní rárá, bí àwọn bá fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ, kò ní jẹ́ tìrẹ. Wọ́n ní o ó sọ ọ́. Ọdọọdún ni wọ́n ń fi uṣu ránṣẹ́ sí mi nígbà uṣu tuntun, ẹni tó bá gbé e wá á ní Yèyé ní kí òun béèrè: ṣé ọmọ àwọn ti wá?"

Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n máa ń fi dáhùn.

"Mo máa ń ní kí wọ́n sọ fún wọn pé o ti wà lọ́nà."